Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Omi Ẹ̀gẹ́ àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Nígbà tí a bá wá yẹ ìwé yín wò, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ fi hàn wá ni ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, jáàkì àti agbada. Kò sí ẹni tí í mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn gbà. Ẹ̀yìnkùlé náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Bí ẹ̀rọ bá ti rin ẹ̀gẹ́, èròjà mìíràn tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà yóò pàdé rẹ̀, yóò sì fọ́ ọ, májèlé sáyánáìdì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Apá kan a bá afẹ́fẹ́ lọ, pàápàá nígbà tí a bá ń yan gàrí. Apá kan a bá omi ṣàn jáde lábẹ́ jáàkì. Ní àkókò yìí kan náà, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò rí ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń mú un kan. Àwọn ló ń fún gàrí ní adùn tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fi ń yangàn. Wọn kì í gba owó oṣù, àkókò nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí ó rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, tí ó sì yan án ní ìrọ̀lẹ́, ti fi àkókò yẹn dù wọ́n. Òfin àgbáyé lórí oúnjẹ, tí à ń pè ní Codex, sọ pé májèlé yìí kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò gàrí kan.

Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù 4 sí 5 ló ń wọ inú tọ́ọ̀nù gàrí 1. Ìyókù ńkọ́? Èèpo àti omi ni, omi náà sì ti gbé májèlé dání.

Ẹgbẹ́ kan wà tí a kò ní dárúkọ. Ewúrẹ́ aládùúgbò mu omi ẹ̀gẹ́ wọn, ó kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, kànga tí ó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ọ̀rọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Owó tí wọ́n ti ń tọ́jú fún ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n fi san owó ewúrẹ́, òun náà ni wọ́n fi gbẹ́ kànga mìíràn. Èrè ọdún méjì ló bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó jí kọ́bọ̀ níbẹ̀ o. Ìwé akọ̀wé wọn mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lọ. Bí omi yìí bá sì dé odò, àwọn kòkòrò inú odò yóò máa jẹ ṣúgà àti sítáàṣì inú rẹ̀, wọn yóò lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja yóò sì kú.

Irú àwọn kòkòrò mìíràn wà tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Bí a bá sé omi ẹ̀gẹ́ mọ́ wọn nínú kòtò tí a bò pinpin, wọn yóò sọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ di gáàsì tí a lè fi dáná. Ní Thailand, ilé iṣẹ́ sítáàṣì kan ní agbègbè Nakhon Ratchasima bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 2003, wọ́n sì ń fi gáàsì náà rọ́pò epo. Nílé níbí, Joseph Adelegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá yunifásítì kan ní Thailand lọ́wọ́ sí ètò láti sọ ìdọ̀tí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Bódìjà, Ìbàdàn, di gáàsì. Ètò náà gba ẹ̀bùn àgbáyé SEED ní 2005.

A mọ̀ pé àwọn kan ti ń ronú báyìí láti wá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àpapọ̀. Ẹ ní sùúrù. Oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ló wà nínú kòtò náà. Àwọn tí ń mú nǹkan kan yára. Àwọn tí ń ṣe gáàsì lọ́ra, wọ́n sì kórìíra ohun kíkan. Omi ẹ̀gẹ́ ti kan kí ó tó débẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí pé ọjọ́ ọjà ti sún mọ́, gáàsì yóò dákẹ́. Ìgbẹ́ màlúù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa fi omi ẹ̀gẹ́ kún un díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iná tó jó. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé e; ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ ń ṣe gàrí lójú kan náà lè jókòó ṣírò rẹ̀.

Èèpo kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo tútù, tí a fún un, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì sá a tàbí tí a yan án, tọ́ọ̀nù 3 yóò di tọ́ọ̀nù oúnjẹ ẹran 1. Rínrin náà ló ń tú májèlé sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti gàrí. Omi rẹ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dé kànga.

Ní báyìí ná, kòtò tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí ó ní ìdérí, tí ó sì jìnnà sí kànga ni kí ẹ ṣe. Kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé, kí akọ̀wé kọ iye àpò ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń rin lọ́sẹ̀ kan, iye garawa omi tí ń jáde lára rẹ̀, àti iye ìṣísẹ̀ láti ìdí jáàkì dé kànga tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ béèrè nígbà tí a bá tún dé, kí a tó ṣí ìwé owó.