Kí Iná Má Kú Nínú Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá sínú ìwé ìrántí yìí dá lórí ohun tí ó wà nítòsí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ní Mòwé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, ilé tí kò ní ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kankan kò pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ ní àgbàlá, alùpùpù ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá fi sílẹ̀ sì ń bẹ lábẹ́ igi máńgòrò. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti sọ pé ó kú, tí a sì ń retí oníkọ́ńdẹ̀ẹ̀mù tí yóò wá fi ìwọ̀n rà á. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa ni pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a pè ní òkú kò kú rárá. Iná ni kò dé ibẹ̀ mọ́, ohun kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó sì sábà máa ń dí i lọ́nà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti parí, tí iye lítà kan sì gòkè kúrò ní nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú kékeré wo ẹ́ńjìnnì tí ń fi epo ṣòfò. Púlọ́ọ̀gì tí ó ti gbó máa ń fi apá kan epo sílẹ̀ láìjó, èéfín a sì gbé e jáde.

Ibi tí iná ti ń wá

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń béèrè kí ó tó ṣiṣẹ́. Èkíní ni epo tí a pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Èkejì ni kí písítìnì fún àdàpọ̀ náà pọ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni ìpẹ́pẹ́ iná tí yóò ṣáná sí i ní àkókò tí ó tọ́ gan-an. Ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísẹ̀ẹ̀lì kò nílò ìpẹ́pẹ́ iná yìí, nítorí gbígbóná afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń mú epo tirẹ̀ gbiná.

Àwọn tí ó kọ́ físíìsì nínú wa yóò rántí Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó fi hàn ní ọdún 1831 pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná mànàmáná yóò jáde nínú wáyà náà. Lórí ìmọ̀ yìí ni gbogbo ìṣáná ẹ́ńjìnnì dúró lé. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ Beetle, èyí tí a ń pè ní ìjàpá, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọjọ́, ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní ọdún 1975, tí ọ̀pọ̀ òbí wa sì fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé wa lọ sí ilé-ìwé.

Bátìrì ọkọ̀ náà ń pèsè fóòlùtì 12 péré. Ìwọ̀n yìí kò lè fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Nítorí náà ni a ṣe fi kóìlù sí i. Wáyà méjì ni a wé yí irin ká nínú kóìlù: ọ̀kan nípọn, kò sì gùn, èkejì tín-ín-rín, ó sì yí po ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí ẹnu kọ́ńtáàtì bá pàdé, iná ń gba inú wáyà tí ó nípọn, irin a sì di òòfà. Bí ẹnu kọ́ńtáàtì bá là, agbára òòfà náà a ṣubú lójijì, iná tí ó kọjá fóòlùtì 10,000 a sì jáde láti inú wáyà tín-ín-rín. Dìsìtíríbútọ̀ ni ó ń pín in. Rótọ̀ ń yí nínú rẹ̀ bí ẹni tí ń pín oúnjẹ yí tábìlì ká, ó ń fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ndẹ́ńsà ń gba iná tí ì bá jó ẹnu kọ́ńtáàtì nígbà tí ó bá là.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnnì alápò mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì náà gbọ́dọ̀ là kí ó sì pàdé ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ohun tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìgbó. Gbígbó rẹ̀ kì í ṣe àléébù, ẹ̀rí ni pé ó ti ṣiṣẹ́. Àìbojútó rẹ̀ ni àléébù.

Bí wọ́n ti ń gbó

Ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì ń ra mọ́ ọ̀pá tí ń yí nínú dìsìtíríbútọ̀, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ó ti ń jẹ ni àlàfo ẹnu rẹ̀ ń kéré sí i, tí ìpẹ́pẹ́ iná sì ń pẹ́ kí ó tó dé. Ọkọ̀ kò ní kú lọ́jọ́ kan náà. Yóò kọ́kọ́ ṣòro láti ta jí lówùúrọ̀, yóò máa rẹ̀ ẹ́ ní orí òkè, yóò sì máa mu epo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bíi 10,000 kìlómítà, láìdúró de ìgbà tí yóò dá wa dúró sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lóru.

Ẹnu púlọ́ọ̀gì náà máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá mọ èdè rẹ̀. Bí ó bá ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tí kò dúdú, ara ẹ́ńjìnnì dá. Bí ó bá dúdú, tí ó gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Bí òróró bá rin ín, a jẹ́ pé òróró ẹ́ńjìnnì ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí ó bá funfun, tí ojú rẹ̀ sì dà bí ohun tí ó jó, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù tàbí a fi púlọ́ọ̀gì tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i.

Ẹ wádìí kí ẹ tó rà

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ láti jí, a ra púlọ́ọ̀gì. Kò jí, a ra kóìlù. Kò jí síbẹ̀, a ra bátìrì. Ìméfò ni èyí. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a tẹ̀ lé iná láti ìpẹ̀kun rẹ̀ padà sí orísun, ní ìtẹ̀léra.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí bátìrì. Bí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò ó, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú púlọ́ọ̀gì kan, ẹ fi í sí ẹnu wáyà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ní ibi tí ó jìnnà sí epo, kí ẹlòmíràn sì ta ọkọ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán di wáyà náà mú. Bí ìpẹ́pẹ́ iná aláwọ̀ búlúù bá ń ta tí ó sì ń dún, ìṣáná dára. Ẹ lọ wo káburétọ̀. Bí kò bá sí iná, tàbí tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ yẹ wáyà tí ó ti àárín kóìlù jáde wò bákan náà. Bí iná bá wà níbẹ̀, ìdíwọ́ wà nínú ọmọrí dìsìtíríbútọ̀, rótọ̀ tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin inú ọmọrí yìí nìkan tó láti dá ọkọ̀ dúró. Aṣọ gbígbẹ ni oògùn rẹ̀. Bí ó bá ti sán, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná kò bá sí ní ẹnu kóìlù, ẹ wo kọ́ńtáàtì, kí ẹ tó wo kọ̀ndẹ́ńsà, kí ẹ sì fi kóìlù ṣe ìkẹyìn.

Bí ẹ bá ń pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, ẹ pààrọ̀ kọ̀ndẹ́ńsà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí ẹnu kọ́ńtáàtì yóò fi là tán, kí ẹ sì fi abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní féélà wọn àlàfo rẹ̀: mìlímítà 0.4 ni ti ìjàpá. Ẹ fi gíríìsì bíńtín sí ara ọ̀pá tí ń yí. Nígbà náà ni kí ẹ tún àkókò ìṣáná wò, nítorí pé bí àlàfo bá yí padà, àkókò náà yóò yí padà. Ẹ tú wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ètò wọn má bàa dàrú. 1, 4, 3, 2 ni ètò ti ìjàpá. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi ọwọ́ dè é wọlé kí ẹ tó fi súpánà kàn án. Ẹni tí ó bá fi agbára bẹ̀rẹ̀ yóò ba ojú ihò jẹ́, àtúnṣe ìyẹn sì wọ́n ju ogún púlọ́ọ̀gì lọ.

Ní ti jẹnẹrétọ̀

Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lo bátìrì fún ìṣáná. Òòfà tí a fi sí ara àgbá tí ń yí ni ó ń kọjá níwájú kóìlù, ìmọ̀ Faraday kan náà sì ni. Kò sí kọ́ńtáàtì nínú púpọ̀ nínú àwọn tuntun, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì wọn ń gbó, ó sì yẹ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tó pe mẹ́káníìkì, ẹ wo òróró rẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń rọ òróró sí ìdí wọn ní ohun kan tí ń gé iná púlọ́ọ̀gì bí òróró bá lọ sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má bàa jó. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ra kóìlù, nígbà tí ó jẹ́ pé òróró ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè. Bí ó bá sì jí tán, ìta gbangba ni kí ó wà, kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ní orí omi

Odò Ògùn ń gba ẹ̀bá wa kọjá lọ sínú ọ̀sà Èkó. Nígbà tí omi bá pọ̀, tí a sì tú u sílẹ̀ láti Ìsédò Ọyán, tí a ṣí ní ọdún 1983, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn kan ní agbègbè Ìṣẹrì àti Warewa fi ń jáde nílé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní títì, a ó sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá kú láàárín omi, ìṣàn omi ni yóò pinnu ibi tí a ó dé. Kí ẹni tí ń wa ọkọ̀ omi ní púlọ́ọ̀gì tuntun àti súpánà rẹ̀ nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ó ní àjẹ̀, kí gbogbo èrò sì wọ ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí. Omi ọ̀sà ní iyọ̀ nínú, ó sì ń jẹ irin. Kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì fún ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀ omi. Oruku bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń kóra jọ sí. Nínú ọkọ̀ orí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Nínú ọkọ̀ omi, ìpẹ́pẹ́ iná kan láti ara dìsìtíríbútọ̀ lè mú kí ọkọ̀ bú gbàù. Nítorí èyí ni a ṣe dí ohun èlò ìṣáná ti ọkọ̀ omi ní ọ̀nà tí iná inú rẹ̀ kò lè jáde. Wọ́n lè jọ ti ọkọ̀ orí ilẹ̀ lójú, owó wọn sì lè wọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀kan dípò èkejì.

Igi òròòwúrọ̀

Nínú ìwé Léfítíkù orí kẹsàn-án, a kà pé iná tí ó jó ẹbọ orí pẹpẹ ti ọ̀dọ̀ Olúwa jáde wá. Síbẹ̀, orí kẹfà ìwé kan náà ti gbé e lé àlùfáà lọ́wọ́ láti máa to igi sí i ní òròòwúrọ̀, kí iná náà má bàa kú. Ọlọ́run ni ó ni iná, ènìyàn ni ó ni igi. Ọgbọ́n tí a fi ń ṣáná ẹ́ńjìnnì jẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ìtọ́jú jẹ́ ojúṣe wa.

A fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ kan kún un. Kí ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn fún oníkọ́ńdẹ̀ẹ̀mù, ẹ rántí àwọn ọmọ wa tí ń ka Faraday nínú ìwé láìtíì fi ojú rí kóìlù tí a là. Ẹ gbé e wá fún ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n wọn àlàfo rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ láti wádìí ní ìtẹ̀léra kí wọ́n tó dájọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ èyí lórí ẹ́ńjìnnì kò ní máa méfò bí ó bá di dókítà, adájọ́ tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run lọ́la.