Sáà Kẹta: Ẹ Má Jẹ́ Kí Àárẹ̀ Gba Èrè Ọdún Lọ́wọ́ Àwọn Àbúrò Yín

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí gbogbo wa ti fojú rí nínú ilé. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù September, àbúrò wa a máa jí kí a tó pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di sáà kẹta, tí òjò ń rọ̀, tí ọlidé ń sún mọ́, ariwo ni a fi ń lé e dé ìdí ìwé. Kí ni ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ ẹ̀gbọ́n ṣe?

1. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó fà á

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò kàwé ni ọ̀lẹ. Òmíràn wà tí ó ti rẹ̀ ní tòótọ́. Òmíràn rò pé òun ti já sẹ́yìn jù, pé ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òmíràn sì wà tí ó ṣe dáadáa ní sáà méjì àkọ́kọ́, tí ó wá rò pé òun ti débi tí òun ń lọ. Àìsàn mẹ́ta ni ìwọ̀nyí, oògùn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí náà, kí ẹ tó bá a wí, ẹ bi í léèrè.

2. Ẹ bá a ṣe ìṣirò

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, máàkì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń rò pọ̀ kí ọmọ tó gun kíláàsì tí ó kàn. Ká ní ọmọ SS2 kan gba 62 ní sáà kìíní, ó gba 58 ní sáà kejì. Bí ó bá gba 60 ní sáà kẹta, 60 ni yóò kó lọ ilé. Bí ó bá sùn, tí ó gba 30, 50 péré ni. Ọmọ tí ó rò pé òun ti débi tí òun ń lọ yóò rí i pé ọ̀nà ṣì kù. Ẹni tí ó gba 35 ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó wá gba 65, yóò ní 45. Kò tíì pẹ́ jù fún òun náà.

Ní ti ọmọ SS3, ìdánwò WAEC ló wà níwájú rẹ̀. Kírẹ́díìtì márùn-ún, ó kéré tán, ni yunifásítì ń béèrè, láti A1 títí dé C6. Ẹ jẹ́ kí ó kọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe láyé sórí ìwé, kí ó kọ àwọn ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà ń béèrè sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

3. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa kà á

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí ó fi ara rẹ̀ ṣe. Ó rí i pé kíákíá ni ènìyàn ń gbàgbé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ń padà sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò dúró ju èyí tí a há pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe hàdá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe kéú: a kì í fi ti àná sílẹ̀ nítorí ti òní.

Ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí ariwo ilé tó bẹ̀rẹ̀, sàn ju òru kan gbáko lọ. Ẹ jẹ́ kí ó sùn pẹ̀lú. Oorun wákàtí 8 sí 10 ni àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn. Kí fóònù má sì bá a wọ yàrá.

4. Ẹ má ra ìdánwò fún un

Níbi tí ọkàn ti rẹ̀wẹ̀sì ni màgòmágó ti ń wọlé. Bí WAEC bá mú un, wọ́n lè fagi lé èsì rẹ̀. Bí wọn kò bá sì mú un, Ọlọ́hun rí i, iṣẹ́ tí kò mọ̀ yóò sì tú u fó lọ́jọ́ kan. C6 tí ó fi òógùn rẹ̀ gbà níyì ju A1 tí a rà lọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó tì í. Ẹ yin ìwọ̀nba tí ó bá ṣe lónìí, kí ó lè ní agbára tọ̀la. Ọlọ́hun yóò ràn wá lọ́wọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Èwo nínú ohun mẹ́ta tí a kà sókè yìí ló ń yọ àbúrò rẹ lẹ́nu?
(b) Àkókò wo ni ìwọ fúnra rẹ lè yà sọ́tọ̀ fún un lọ́sẹ̀ yìí?