Ṣé ọmọ tó dúró de súìtì kejì ló máa là?

Ìbéèrè: Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ní Òṣogbo. Ọ̀gá iléèwé wa gbọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan pé ìwádìí fi hàn pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò bá fọwọ́ kan súìtì iwájú rẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní èkejì ni ayé rẹ̀ máa dára. Wọ́n fẹ́ ká máa fi ìdánwò yìí yan àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní wọ́n ti tún ìwádìí náà ṣe, pé irọ́ ni. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ọmọ yín sún mọ́ òótọ́ ju ọ̀gá yín lọ, àmọ́ "irọ́" ti le jù.

Walter Mischel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìdánwò yìí ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1960 sí 1970. Kì í ṣe ẹni tó máa là ni wọ́n ń wá nígbà náà. Ọgbọ́n tí ọmọdé ń dá tó fi lè mú sùúrù ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n tó tọpasẹ̀ àwọn ọmọ náà. Nínú àpilẹ̀kọ wọn ti 1990, àwọn tí wọ́n rí èsì ìdánwò àṣewọlé yunifásítì wọn kò pé 100, ọmọ àwọn ará Stanford ló sì pọ̀ jù. Àwọn tó kọ ọ́ kìlọ̀ fúnra wọn pé ká má sáré sọ ọ́ di òfin. Ìkìlọ̀ yẹn kì í dé ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ní 2018, Tyler Watts, Greg Duncan àti Haonan Quan yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ tó lé ní 900 wò. Àwọn tó dúró ṣì ń ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún 15, ṣùgbọ́n agbára ìbátan tó wà láàrin dídúró àti ẹ̀kọ́ kò ju ìdajì ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò irú ilé tí ọmọ ti wá àti làákàyè rẹ̀ láti kékeré mọ́ ọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyẹn náà pòórá. Ẹ kíyè sí i pé ìṣẹ́jú 7 ni wọ́n fi dídúró àwọn ọmọ náà mọ sí. Ti Stanford gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kò fi tíì tán.

Ìbéèrè tó jẹ mí lógún jù ni pé: kí ni dídúró yẹn ń wọ̀n gan-an? Ní 2013, Celeste Kidd àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rochester jẹ́ kí àgbàlagbà kan kọ́kọ́ mú ìlérí ṣẹ fún àwọn ọmọ kan, ó sì já àwọn yòókù kulẹ̀. Nígbà tí ìdánwò súìtì dé, àwọn tí ìlérí ṣẹ fún dúró tó ìṣẹ́jú 12. Àwọn yòókù, bí ìṣẹ́jú 3. Ọmọ 28 péré ni, n kò ní fi búra. Bettina Lamm àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé puff-puff síwájú àwọn ọmọ àgbẹ̀ ẹ̀yà Nso ní Kamẹrúùnù: nǹkan bí 70 nínú 100 dúró. Nínú àwọn ọmọ Jámánì, 28 ni. Ìyá Yorùbá tó ti fi ojú lásán bá ọmọ rẹ̀ wí níwájú àlejò á fura sí ohun tó lè fa èyí. Ẹ̀kọ́ ilé lè wà níbẹ̀, ìfọkàntán lè wà níbẹ̀, ebi náà ńkọ́? Bí a kò bá tíì mọ èyí tí à ń wọ̀n, a lè tún ìdánwò ṣe nígbà ogún kí ó má yé wa síbẹ̀.

Kì í ṣe ti súìtì nìkan. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tí Brian Nosek ṣáájú wọn tún 100 ìwádìí sáíkọ́lọ́jì ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, 97 ló sọ pé àwọn rí nǹkan. Nínú àtúnṣe, bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ̀tàn kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: àwọn tí wọ́n dán wò kéré, ìwé ìròyìn ìmọ̀ kì í sì í fẹ́ tẹ ìwádìí tí kò rí nǹkan kan. Inú mi dùn pé ọ̀pọ̀ ti ń kọ ètò wọn sílẹ̀ ní gbangba báyìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kódà ìṣirò 1990, ti ọ̀pọ̀ ọmọ lápapọ̀ ni. Kò lè sọ ti ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ tó dé sọ́ọ̀fíìsì yín láàárọ̀, tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tó sì jẹ súìtì náà kíá, lè má tíì jẹun láti ilé. Ẹ gbà á wọlé.