Orúkọ Tí A Kọ Sílẹ̀, Àmánà Ni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó mọ ohun tí ó hàn àti ohun tí ó pamọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Bí wòlímà bá ń bọ̀, bí a bá fẹ́ ṣe ìdíje kíké Àlùkùránì, tàbí bí a bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ìpàgọ́ ìsinmi, fọ́ọ̀mù ni a kọ́kọ́ ń pín. Àwọn òbí kan a máa kùn pé, "Kí ni àwọn alfa fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?" Àwọn olùkọ́ náà a ní àwọn kò lè ṣètò fún ẹni tí àwọn kò mọ̀. Òótọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn wa kọ́ wa lórí rẹ̀.

1. Kíkọ orúkọ sílẹ̀ kò burú

Hudhayfah ọmọ al-Yamān (r.a.) ròyìn, ó sì wà nínú Sahīh al-Bukhārī, pé Ànábì (s.a.w.) pàṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó ti gba Islāmu sílẹ̀ fún òun. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì rí 1,500 ọkùnrin. Nígbà tí Umar (r.a.) di Kálífà, ó dá ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní Dīwān sílẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn àti ẹ̀tọ́ wọn nínú àpò ìjọ sí. Bí kò bá sí orúkọ, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lè sọnù.

Ẹ tún wo Haji ọdún 2024, nígbà tí ooru mú gidigidi. Ìjọba Saudi kéde pé ènìyàn 1,301 ni ó kú, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 83 ni kò gba ìwé àṣẹ Haji. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé ìdánimọ̀ lára, èyí sì fa ìdádúró kí a tó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Nítorí náà, òbí tí ó bá kọ̀ láti fún wa ní nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo nígbà tí a fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ rìnrìn-àjò, ó ń fi ọmọ náà sínú ewu.

2. Àṣírí ènìyàn ní ọ̀wọ̀

Nínú Sūratu-n-Nūr, āyah 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé onílé láìgba àṣẹ. Bí wọ́n bá sì ní kí a padà, kí a padà. Nínú Sūratu-l-Hujurāt, āyah 12, Ó kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin ara wa. Ẹni tí ó gbé fọ́ọ̀mù wá, ilẹ̀kùn ilé onílé ni ó ń kàn. Kò yẹ kí ó ti orí fọ́ọ̀mù wọ yàrá tí wọn kò pè é sí.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Hudhayfah. Òun náà ni Ànábì (s.a.w.) fi orúkọ àwọn munāfiki kan hàn, tí wọ́n fi ń pè é ní olùtọ́jú àṣírí. Umar pàápàá bi í léèrè bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀. Hudhayfah kò tú orúkọ wọn síta. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó sọ iye àwọn Mùsùlùmí fún wa náà ni ó pa orúkọ mọ́. A lè sọ iye fún ẹni tí ó ń se oúnjẹ, kí a má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni hàn án.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ lára Anas (r.a.). Ọmọdé ni nígbà tí Ànábì (s.a.w.) rán an níṣẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó délé, ìyá rẹ̀ sì béèrè ohun tí ó dá a dúró. Ó ní iṣẹ́ Ànábì ni, àṣírí sì ni. Ìyá rẹ̀ kò bínú. Ó ní kí ó má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí a bá fi fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn rán, kí ó má ṣe ṣí i wò.

3. Ìwọ̀n ohun tí a lè béèrè

Àwọn onímọ̀ Fikihi fi lélẹ̀ pé ohun tí ìnílò bá mú wá, bí ìnílò náà bá ti mọ ni kí ó mọ. Kí olùṣètò bi ara rẹ̀ léèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?"

(a) Orúkọ: kí a lè kọ ọ́ dáadáa sórí ìwé ẹ̀rí.
(b) Ọjọ́ orí: kí a lè mọ ìpele tí ọmọ yóò wà nínú ìdíje.
(d) Fóònù òbí tàbí alágbàtọ́: nítorí pàjáwìrì.
(e) Ikọ́ fée, tàbí oúnjẹ tí kò bá ara ọmọ mu: fún ìpàgọ́ nìkan.

Ṣùgbọ́n kí ni wòlímà fẹ́ fi iye ìyàwó bàbá ṣe? Kí ni ó kan ìdíje bí ìyá ọmọ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọmọ kan máa sunkún ní kọ̀rọ̀, tàbí kí ó má wá sí ilé kéú mọ́.

4. Lẹ́yìn tí a bá ti gbà á

Sūratu-n-Nisā, āyah 58, pàṣẹ pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí ó lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì san owó wòlímà mọ́ ara ògiri mọ́sálásí ti jẹ àmánà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ju orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀ àti fóònù ìyá rẹ̀ sórí WhatsApp. Kí ni yóò dí ẹlẹ́tàn lọ́wọ́ láti pe ìyá náà pé, "Ọmọ yín ti dákú, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́"?

Òfin ilẹ̀ wa náà fara mọ́ èyí. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, sọ pé kí a gba kìkì ohun tí a nílò, kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe, kí a má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò yọ̀ǹda.

Nítorí náà, kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú fọ́ọ̀mù sínú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kí a sun ìwé àìsàn lẹ́yìn ìpàgọ́. Kí a gba ìyọ̀ǹda kí a tó tẹ àwòrán ọmọ jáde. Kí àwọn òbí náà kọ òótọ́, nítorí pé nọ́ńbà irọ́ kò ní gbé ìpè lọ́jọ́ ìṣòro.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́
1. Ta ni olùtọ́jú àṣírí Ànábì (s.a.w.)?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin sísọ iye àti sísọ orúkọ?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí fọ́ọ̀mù ìdíje nílò, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa láyé àti lọ́run, kí Ó sì fi wá ṣe olùpa àmánà mọ́. Āmīn. Wassalāmu ʿalaikum.