Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Fi Ẹ̀rọ Gbẹ́ Ọpọ́n

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn pé ẹ ṣì ń gbẹ́ ọpọ́n, mi ò sì bá yín jà nítorí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n gíráńdà kékeré lè yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má yọ ìbòrí rẹ̀ láé; ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kẹ́ ẹ sì de igi mọ́lẹ̀ dáadáa.

Eruku ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ti ìrókò ń yún ara, ó sì lè mú kí èémí há. Ẹ bo imú àti ojú, ẹ jọ̀ọ́.

Tí igi bá ṣì tútù, ẹ jẹ́ kí ara ọpọ́n nípọn, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé, kó má baà là. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni kẹ́ ẹ tó fá inú rẹ̀ fẹ́lẹ́.