Èyí Tí Onírèsé Fín Sílẹ̀

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò ní í parun. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa níbi ìsìnkú àgbà. A ó pa á fún olóògbé, a ó jó nínú aṣọ ẹbí, a ó sì tú ká. Bẹ́ẹ̀, alààyè gan-an ni òwe náà ń bá wí. Kí onírèsé tó fi igbá sílẹ̀, ó ti mọ̀ pé igbá fífín ni iṣẹ́ òun, ó sì ti jókòó tì í.

A kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a délé ayé tán, ojú ń kán gbogbo wa. Ojú kíkán yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sáré kiri. Lónìí, orin ni wọ́n fẹ́ kọ. Lọ́la, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà. Lọ́tùnla, wọ́n ti ń wá físà Kánádà, torí pé ọ̀rẹ́ wọn ṣe é, ó sì bọ́ sí i. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àfi kí èèyàn máa fi ojú ẹlòmíràn yan tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí ọwọ́ tìrẹ wọ̀ ni kí o wá.

Kò dìgbà tí o bá lálàá kí o tó mọ ibẹ̀. Kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn èèyàn máa ń wá bá ọ fún láìjẹ́ pé o polówó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn kan ni tọkọtaya tó ń jà máa ń sá wá; àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn ni gbogbo àdúgbò ń mú ọmọ tí ìṣirò kò yé lọ bá. Lẹ́yìn náà, wo iṣẹ́ tí o máa ń ṣe tí o kì í rántí ebi. Ẹ̀kẹta ló ṣe kókó jù: wo ohun tó ń bí ọ nínú ní ìlú rẹ, tí àwọn yòókù ti gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, dúró síbẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Irú inú bíbí bẹ́ẹ̀ ló bí ilé ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́. Táí Ṣólàárín ti kàwé ní Ìlú Ọba, ó ti di ọ̀gá àgbà ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹlòmíràn ìbá jókòó jẹun. Ṣùgbọ́n òun kò gbà pé ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ fi ọ̀ranyàn mú ọmọ ṣe ẹ̀sìn, kò sì gbà pé ìwé nìkan ló yẹ kí ọmọ mọ̀. Ní 1956, ó fi ipò sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ìlú rẹ̀. Níbẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ tó di kálámù mú náà ló ń di ọkọ́ mú: akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n sì ń lọ́wọ́ sí kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ó kú ní 1994. Mayflower ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òun ní àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ṣólàárín kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì fi ogún wọn pa mọ́ sí: orí ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ìwọ lè ní o kì í ṣe Awólọ́wọ̀. Ó dáa, jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀gá kan wà, bí iṣẹ́ bá dé ibi tó ta kókó, tó kan ká to tápẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, á rán ọmọṣẹ́ lọ ra omi tútù. Kí ọmọ tó dé, ó ti dé e pa. Ọmọ náà á gbòmìnira, wọ́n á jó, wọ́n á ya fọ́tò, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ta kókó. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá kú, iṣẹ́ á bá a wọ kòtò. Ọ̀gá kejì á ní, “Gbé etí síbí. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún kàkàkà? Àlàfo rẹ̀ ti fẹ̀ jù nìyẹn.” Á jẹ́ kí ọmọ tú u, kó tún un tò, kó ṣì í, kó tún un ṣe. Ó ń pẹ́, oníbàárà á sì máa kùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, nínú ọgbà tí ọ̀gá yìí kò dé rí, ẹnìkan á máa sọ pé, “Ọ̀gá mi kì í ṣe é báyẹn.” Ogún tí ẹbí kò lè torí rẹ̀ dé kóòtù nìyẹn.

Mi ò ní ká má kọ́lé o. Ẹni tó bá ní dúkìá, kó yáa kọ ìwé ìhágún nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, kí àwọn ọmọ má baà pe ara wọn lẹ́jọ́ kí ilẹ̀ orórì tó gbẹ. Ṣùgbọ́n ilé kò lè sọ fún ọmọ bí bàbá ṣe rí owó tó fi kọ́ ọ. Ìwọ ni kí o sọ ọ́.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Má dúró di ìgbà tí o bá fẹ̀yìn tì. Yan ohun kan tí o mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, yan ẹnìkan tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, kí o sì ya àsìkò sọ́tọ̀ fún un lọ́sẹ̀ yìí. Bí iṣẹ́ bá wá dé ibi tó ta kókó, má rán an lọ ra omi.