Ẹ̀kọ́ Ìlera: Ojú Ọjọ́ àti Ẹ̀fọ́rí

Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan bá di orí mú ní ọ̀sán gangan, ọ̀lẹ ni a ó pè é. Bí àgbà bá dùbúlẹ̀ nítorí orí fífọ́, a ó ní ibà ni, tàbí pé ọwọ́ ọ̀tá ni. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pẹ̀lú pé: báwo ni ojú ọjọ́ ti rí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọyẹ́. Láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń fẹ́ bá wa, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ó gbẹ, eruku sì kún inú rẹ̀. A máa fa omi kúrò lára wa láìjẹ́ pé a rí òógùn. Nítorí tí òwúrọ̀ sì tutù, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wá. Àìtó omi nínú ara a máa fa ẹ̀fọ́rí. Eruku a sì máa dí imú, tí iwájú orí yóò fi wúwo.

Ooru tí ó tẹ̀lé ọyẹ́ kò sàn jù ú lọ. Ní ọdún 2009 àwọn oníṣègùn ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 7,054 tí ẹ̀fọ́rí gbé dé ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé bí ooru ọjọ́ kan bá fi ìwọ̀n Celsius 5 lé sí i, ewu irú ẹ̀fọ́rí bẹ́ẹ̀ a fi 7.5 nínú 100 pọ̀ sí i. Àwọn tí túúlu ń bá jà ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jùlọ.

Kí ni kí a ṣe? Ìkíní, kí a mu omi kí òùngbẹ tó dé; ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi àwọn ọmọ sínú oòrùn pẹ́. Èkejì, kí ẹni tí orí ń fọ́ léraléra máa kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, àti bí ojú ọjọ́, oúnjẹ àti oorun rẹ̀ ti rí; lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òtítọ́ yóò hàn. Ẹ̀kẹta, kí a má sọ egbòogi di oúnjẹ: ẹni tí ó bá ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, fún ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì tí ó sì le koko, tàbí tí ara gbóná tí ọrùn sì le gan-an, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹni bá ń dàrú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí olúkúlùkù tí ó ka èyí kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀.